Polytopia: gẹ́ẹ̀mù tó ń dúró dè mí lórí Afárá Third Mainland

Láti Bàrígà dé Ọbáléńdé kì í ṣe ìrìn àjò tó jìn. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ta bọ́tìnì, síìpù àti òwú ní Balógun mọ ohun tí àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè lè fi ojú èèyàn rí lórí Afárá Third Mainland. Ibẹ̀, nínú dáńfó tí kò lọ tí kò bọ̀, ni mo ti kọ́ The Battle of Polytopia, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ta á di òní. Mo ní “ta” nítorí pé ayò ni mo fi ń wò ó, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e sórí fóònù mi nígbà ìsinmi Àjíǹde. Ó ti kọ́kọ́ fi gẹ́ẹ̀mù ogun mìíràn hàn mí, èyí tí gbogbo nǹkan ń sáré nínú rẹ̀. Kí n tó mọ apá ibi tí ọ̀tá wà, wọ́n ti pa mí. Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Ó wá sọ pé, “Àǹtí, eléyìí kò bèèrè ọwọ́ yíyá. Tó bá ti kàn yín, ẹ rò ó bó bá ṣe wù yín. Kò ní í sá lọ.”

Òótọ́ ló sọ. Irú gẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń pè ní turn-based nìyí: ó kàn mí, ó kàn ọ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Bí ẹnì kan bá ń ta, ẹnì kejì ń wò, ó ń ṣírò. Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn. Bó bá kàn yín, gbogbo ọmọ ogun yín ló ní ìgbésẹ̀ tirẹ̀, ẹ óò ra ohun tí agbára yín ká, ẹ óò sì tẹ End Turn. Ìgbà yẹn ni ọ̀tá tó lè mira. Bí kọ̀ńdọ́ bá ní kí n mú owó wá, mo máa pa fóònù, mo máa ka ṣéńjì mi dáadáa. Bí mo bá tún ṣí i, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìlú mi. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ nìkan lẹ ń bá ta, ẹ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Sweden, Midjiwan, ló ṣe é, ọdún 2016 ló sì jáde. Irú rẹ̀ ti wà tipẹ́ ṣáájú. Civilization tí Sid Meier ṣe ní 1991 ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Civilization lè gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ èèyàn kí eré kan ṣoṣo tó parí. Ní Polytopia, bí ẹ bá yan irú eré tí wọ́n ń pè ní Perfection, ìgbà 30 péré ló máa kàn yín, wọ́n á ka máàkì yín, ó tán. Nítorí èyí ni mo fi ń sọ pé kí ẹni tí kò ta irú rẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù: Xin-xi, Imperius, Bardur àti Oumaji. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló mú ìmọ̀ kan wáyé. Oumaji mọ ẹṣin gùn, Xin-xi mọ òkè gùn, Bardur sì jẹ́ ọdẹ. Bardur ni kí ẹ mú. Ìlú kan, jagunjagun kan, ìràwọ̀ 5, ohun tí wọ́n máa kó lé yín lọ́wọ́ nìyẹn. Ìràwọ̀ ni owó ibẹ̀. Ìkùukùu bo gbogbo ibi tó kù. Bóyá òkè ni, bóyá odò ni, bóyá ọ̀tá ló ba síbẹ̀, ẹ kò lè mọ̀ àfi bí ẹ bá rán ẹnì kan lọ wò ó.

Níbi tó ti wọ èmi ọlọ́jà lára nìyí. Láti pa ẹran ìgbẹ́ kan, ìràwọ̀ 2 ni, ó sì ń fi èèyàn 1 kún ìlú. Bí ẹran méjì bá wà nítòsí, ẹ pa méjèèjì nígbà àkọ́kọ́ tó bá kàn yín: ìràwọ̀ 4 lọ, ìlú yín gòkè sí ìpele kejì, wọ́n á sì ní kí ẹ yan ẹ̀bùn, Workshop tàbí Explorer. Explorer á sáré wọ inú ìkùukùu, á ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Workshop á máa fi ìràwọ̀ 1 kún owó tó ń wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í yan ohun mìíràn ju Explorer lọ. Èmi, Workshop ni. Ìràwọ̀ kan lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ìgbà tó ṣì kù: kí eré tó parí, ó ti mú ìràwọ̀ tó lé ní 25 wá. Owó tó tètè wọlé ló ń ra ọjà tó máa mú òmíràn wọlé, ẹni tó bá ti dá ìsọ̀ sílẹ̀ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Abúlé tí kò tíì sí lábẹ́ ẹnì kankan wà káàkiri. Ẹ óò rìn dé orí rẹ̀, ẹ óò dúró. Ìgbà tó bá tún kàn yín lẹ tó lè gbà á. Mo máa ń sáré gba gbogbo èyí tí mo bá rí, títí tó fi di ọjọ́ kan tó dùn mí gan-an. Iye tí wọ́n ń ta ìmọ̀ máa ń gòkè bí ìlú yín bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ìlú méjì ni mo ní lọ́jọ́ náà. Archery, ìyẹn ìmọ̀ ọfà títa, jẹ́ ìràwọ̀ 8, 8 náà ló sì wà lọ́wọ́ mi. Jagunjagun mi ti dúró lórí abúlé kẹta. Mo kọ́kọ́ gba abúlé, mo wá yíjú sí Archery, ó ti di 10. Ó dà bí ọjà tí wọ́n pè fún yín láàárọ̀ tí ẹ ní ẹ ń yíká bọ̀. Mo lè ṣe méjèèjì nígbà kan náà, láìsan kọ́bọ̀ lé e, ká ní mo ra ìmọ̀ ṣáájú. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ń wo omi ọ̀sà láti ojú fèrèsé. Ọjọ́ yẹn ni gẹ́ẹ̀mù náà tó yé mi.

Ogun ibẹ̀ náà, ìṣirò ni. Kò sí dáìsì bíi ti lúdò. Jagunjagun ní ẹ̀mí 10, agbára ìkọlù 2, ààbò 2. Bí ẹ bá kọlu ẹnì kan tí kò kú, ó máa san án padà lójú ẹsẹ̀. Bó bá kú, kò sẹ́ni tó máa gbẹ̀san, jagunjagun yín á sì bọ́ sí ilé (ìyẹn ojú onígun mẹ́rin tí ilẹ̀ ibẹ̀ pín sí) tí onítọ̀hún ti kúrò. Tafàtafà lè ta ọfà láti ilé méjì sí ọ̀tá, jagunjagun kò sì lè nawọ́ débẹ̀. Nítorí náà, kí tafàtafà kọ́kọ́ ta, kí jagunjagun wá parí rẹ̀; bí ẹ bá yí i padà, ẹ̀mí jagunjagun yín lẹ fi ṣeré. Ẹni tó bá fara gbọgbẹ́, ìkọlù rẹ̀ á rọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yín kó sinmi, ẹ̀mí 4 ló ń gbà padà nígbà kọ̀ọ̀kan. Lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, 2 ni. Nígbà tí ìlú ọ̀tá kọ́kọ́ bí òmìrán lójú mi, ẹlẹ́mìí 40, igbe ni mo ké. Obìnrin tó jókòó tì mí di apá mi mú: “Àǹtí, ṣé kò sí?”

Kò ṣàìní àléébù. Ilẹ̀ máa ń yàtọ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn wọ́n á gbé yín sí ibi tí abúlé jìnnà sí nígbà tí ọ̀tá yín wà láàárín abúlé mẹ́ta. Nínú bí ẹ ṣe lè yan kí ẹ̀rọ le tó, Easy rọ̀ jù. Lẹ́yìn eré méjì, ẹ kọjá sí Normal. Ẹni tó ń wá ìtàn nínú gẹ́ẹ̀mù kò ní í rí i níbẹ̀. Síbẹ̀, 9 nínú 10 ni mo fún un, mi ò sì rí ohun tó máa dín in kù.

Owó ni wọ́n ń fi ra àwọn ẹ̀yà yòókù. Zebasi ni mo ti ń fi ojú sí, nítorí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n mú wáyé. Bí mo bá ti ta páálí síìpù tó kù, màá rà á, ká lè ta Pass & Play: fóònù kan, èèyàn méjì, ẹ máa gbé e fún ara yín bó bá ṣe ń kàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti ní kó má gbàgbé láti mú Explorer rẹ̀ wá.