Ẹ ṣọ́ra fún ẹyin búlúù tí wọ́n ń tà bí ẹyin Araucana

Ẹ̀yin ará Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Òwórò àti Kàbà, ọ̀kun o. Ẹni tó bá ń sin adìyẹ nínú yín, tàbí tó ń gbèrò àtibẹ̀rẹ̀, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń ta ẹyin Araucana, irú adìyẹ kan tó ń yé ẹyin búlúù, lórí WhatsApp, ó sì ti ń rí oníbàárà lọ́dọ̀ wa níbí. Èyí tó tà fún mi kì í ṣe ti Araucana rárá. Ẹyin ágíríìkì funfun ni, ó rẹ ẹ́ láró ni.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá adìyẹ yìí. Ilẹ̀ Ṣílè ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Mapuche, ẹyin rẹ̀ a sì máa rí bí aṣọ àyìnrín. Òmíràn nínú wọn a máa ní ìyẹ́ létí, òmíràn kì í nírù. Mo ní inkubétọ̀ kékeré kan, ẹ̀rọ tí a fi ń pa ẹyin, nílé ní Mọ̀pà, sólà ni mo fi ń lò ó nítorí ọ̀rọ̀ iná wa. Ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ àti ti awó ni mo máa ń pa nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin fi fọ́tò ẹyin náà ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́kọ́ja, mo pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ohùn ọmọlúàbí ló fi dá mi lóhùn. “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ẹyin mi ló ń pa, ẹyọ kan kì í bàjẹ́. Gbogbo ọmọ tó bá jáde ló máa ní ìyẹ́ létí, kò sì ní nírù.” ₦3,000 ni ẹyin kan. Mo ra 30. Mo ní kí n san ìdajì, kí n san ìyókù bí mo bá rí ẹrù, ó ní àwọn mìíràn ti tò sílẹ̀. Bí mo ṣe fi ₦90,000 ránṣẹ́ nìyẹn, owó ẹ̀gúsí ọdún kan.

Ọjọ́ kẹta ni dírẹ́bà gbé e dé gáréèjì Kàbà, mo sì lọ gbà á fúnra mi. Bí mo ṣe ṣí páálí, ara mi ò gbà á. Ọgbọ̀n ẹyin, àwọ̀ wọn bára mu rẹ́gí, bí ẹni pé inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti yọ wọ́n. Ẹyin àgbébọ̀ méjì kì í rí bákan náà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti sán lọ́nà, ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Mo fọ́ ọn sínú abọ́, mo ṣan èèpo rẹ̀, mo bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ kúrò, mo gbé e sójú oòrùn. Inú rẹ̀ funfun báláú. Létí ibi tó ti là, mo rí i pé aró náà kàn lẹ̀ mọ́ òkè ni, bí ọ̀dà lára ògiri. Mo fi fínígà rin òwú, mo fi nu òmíràn. Òwú mi di búlúù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí dání: àwọ̀ ẹyin Araucana kì í ṣe ti òkè èèpo. Biliverdin ni orúkọ ohun tó ń fún un ní búlúù, bí èèpo ṣe ń ṣù nínú àgbébọ̀ ló ń wọ inú rẹ̀, tí á fi já sí òdìkejì. Bí ẹ bá fọ́ ọn, inú èèpo náà á ní búlúù. Ẹyin pupa ló jẹ́ pé òkè nìkan ni àwọ̀ rẹ̀ ń wà.

Mo pe ọkùnrin náà. Mo ní, “Ọmọ mi, kí lo tà fún mi?” Ó ní ẹyin àkọ́yé ló ń rí bẹ́ẹ̀, pé bí àgbébọ̀ bá dàgbà ni búlúù á wọnú. Irọ́ ńlá ni. Ẹyin tí adìyẹ yìí kọ́kọ́ ń yé ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń jinlẹ̀ jù, bó bá yé e pẹ́ ni àwọ̀ ń ṣá. Nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà, ó dí nọ́ńbà mi.

Mo ṣì kó 28 tó kù sínú inkubétọ̀, nítorí ọkàn mi ò gbà kí n dà wọ́n nù. Mo gbé ìgbóná sí 37.5°C, mo ń yí wọn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lọ́jọ́ keje, mo pa iná yàrá, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin tó bá lọ́mọ nínú, ẹ óò rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tàn ká bí gbòǹgbò wẹ́wẹ́, kókó dúdú kan á sì wà láàrin. Mo wo gbogbo wọn tán, wọ́n mọ́ gaara. Àgbébọ̀ tó yé wọn ò bá àkùkọ pàdé rí. Ẹyin jíjẹ ni, ẹyin inú kéèjì.

Ìlérí tó ṣe fún mi gan-an yẹ kó ti ta mí lólobó. Ìyẹ́ etí tí gbogbo wa ń fẹ́ yẹn, ikú wà nínú rẹ̀. Bí àkùkọ àti àgbébọ̀ bá jọ ní in, ọmọ tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, tó tún jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, kì í yè. Inú ẹyin ló ń kú sí, ní nǹkan bí ọjọ́ 17 sí 19, nígbà tí ọjọ́ 21 tó yẹ kó jáde ti kù dẹ̀dẹ̀. Nínú ẹyin mẹ́rin, ìṣirò á mú ọ̀kan lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn fi ń so èyí tó ní ìyẹ́ etí pọ̀ mọ́ èyí tí kò ní. Àìnírù náà a máa dín iye ẹyin tó lọ́mọ kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní gbogbo ẹyin Araucana òun ló ń pa, kò sin ín rí, tàbí kó máa purọ́.

Àbúrò mi kan ní Ẹ̀gbẹ̀ ra adìyẹ ńlá mẹ́ta tí wọ́n pè ní Araucana. Bóyá ọwọ́ ẹni kan náà ni, n ò lè búra. Wọn ò nírù nígbà tí wọ́n dé. Kò pé oṣù méjì, ìrù ti hù lẹ́yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: wọ́n tu ú ni! Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n ní kò nírù, ẹ fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ kò ní eegun tí ìrù ń hù lórí rẹ̀, kò sì ní kókó òróró tí adìyẹ fi ń ra ìyẹ́.

N ò sọ pé gbogbo ẹni tó ní adìyẹ onírù tó ń yé ẹyin búlúù ni olè o. Ameraucana, irú adìyẹ mìíràn, nírù, ó sì nírùngbọ̀n. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní Araucana tiwọn tó nírù. Àdàlù tí wọ́n ń pè ní Easter Egger náà dára, òmíràn a tilẹ̀ yé ẹyin aláwọ̀ ewé. Kí ẹni tó ń tà á ṣáà pè é lórúkọ rẹ̀, kó sì gba owó tó tọ́ sí i. Kó tó gbà á, ẹ ní kó pè yín lórí fídíò, kó fi agbo adìyẹ rẹ̀ hàn yín, kó mú ẹyin kan nínú èyí tó fẹ́ tà, kó fọ́ ọn, kó yí inú èèpo sí yín. Bó bá ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹni tó bá ti rà á ní Kàbà, Ìsánlú, Odò-Ẹ̀rẹ̀ tàbí Ìyàrà, kó má sọ ẹyin náà nù. Kó tọ́jú èèpo, kó tọ́jú àláàtì bánkì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá a sọ lórí WhatsApp, kó wá bá mi ká jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Èèpo tèmi ṣì wà nínú ọ̀rá, òwú náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀.