Rọ́bà sílíkóònù fún fákúùmù éésì Mercedes 300D: àgbéyẹ̀wò mi láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Mercedes W123, ìran ọkọ̀ tí 300D wà nínú rẹ̀, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Rọ́bà fákúùmù (agbára fífa afẹ́fẹ́) alásílíkóònù tí wọ́n ń gé tà ní mítà-mítà dára fún éésì ọkọ̀ yìí, owó tí mo fi rà á kò sì dùn mí. Mo ti fi í rọ́pò gbogbo rọ́bà tó gbó nínú éésì tèmi. Atẹ́gùn tútù tó ń ṣòfò lára gíláàsì iwájú tẹ́lẹ̀ ti ń fẹ́ sí wa láyà báyìí. Àmọ́ ibì kan wà nínú ọkọ̀ tí rọ́bà yìí kò gbọdọ̀ dé, ayédèrú rẹ̀ sì kún ọjà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

300D Turbodiesel ọdún 1984 ni ọkọ̀ tèmi, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kó láti Amẹ́ríkà gba èbúté Kùtọnu wọlé. Láàárín 1975 sí 1986 ni Mercedes-Benz ṣe W123, iye tí wọ́n ṣe sì sún mọ́ mílíọ̀nù 2.7. Irin rẹ̀ nípọn, ẹ́ńjìnnì díísù rẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Rọ́bà ló ń kú nínú rẹ̀. Rọ́bà tó ti lo 40 ọdún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ooru ẹ́ńjìnnì ń yan án nísàlẹ̀, tí oòrùn ilẹ̀ wa ń yan án lókè, tí ọyẹ́ sì ń gbẹ ẹ́ lọ́dọọdún, kò sí bí kò ṣe ní sán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí fákúùmù ń ṣe, torí ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ débi pé a lè rí fákúùmù lò lára rẹ̀. Ti díísù kò rí bẹ́ẹ̀, torí náà wọ́n fi pọ́ǹpù kan síwájú ẹ́ńjìnnì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fa afẹ́fẹ́ lọ. Pọ́ǹpù kan ṣoṣo yìí ló ń ran búréèkì lọ́wọ́, òun ló ń ti àwọn ilẹ̀kùn ọkọ̀, òun ló ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, òun náà ló sì ń darí éésì. Fákúùmù kì í mú nǹkan tutù o. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí àwọn ìlẹ̀kùn kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì ń tì wọ́n. Ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní agolo ike pẹlẹbẹ kan tí awọ rọ́bà wà nínú rẹ̀. Bí fákúùmù bá dé ibẹ̀, awọ náà á fà sẹ́yìn, á fa ọ̀pá tín-ín-rín kan, ìlẹ̀kùn á sì yí. Bí kò bá dé, sípíríǹgì á dá ìlẹ̀kùn padà, atẹ́gùn á sì gba ọ̀nà gíláàsì iwájú lọ.

Bí éésì ṣe lè tutù dáadáa nìyẹn kí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ sì máa làágùn. Ihò ẹ̀gbẹ́ tí a ń fi ọwọ́ yí á máa fẹ́ díẹ̀, ihò àárín á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tèmi ṣe. Àmì kejì tún wá bá a, èyí tí kò jọ ọ̀rọ̀ éésì rárá: mo yí kọ́kọ́rọ́, mo yọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì ò kú. Àfi ìgbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo fi ọwọ́ tẹ irin kékeré tí wọ́n kọ STOP sí, lára pọ́ǹpù díísù. Orísun kan náà ni fákúùmù gbogbo ọkọ̀ ti ń wá. Bó bá ń jò ní ẹ̀ka kan, àwọn ẹ̀ka tó kù á bá a jìyà.

Ẹni tó ń tún éésì ṣe tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá fọwọ́ kan ihò àárín, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, gáàsì ló ti tán. Ẹ jẹ́ kí n kún un." Mo ní kó kọ́kọ́ fi géèjì wò ó. Gáàsì pé. Síbẹ̀ ó ṣì fẹ́ fi kún un. Wọ́n á fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á máa pa làpálàpá, àwa la ó sì máa sanwó. Ó tún léwu. R-12 ni gáàsì tí àwọn ọkọ̀ yìí gbé wá láti ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn àdéhùn Montreal ti 1987, èyí tí wọ́n fi ń dáàbò bo ìpele ósóònù, R-134a ló gba ipò rẹ̀, òróró tí gáàsì méjèèjì sì ń bá rìn nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì éésì pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá kàn rọ ọ̀kan lé èkejì lórí ń wá ikú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Họ́ọ̀sì gáàsì nípọn, irin ló dì í lẹ́nu ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Họ́ọ̀sì fákúùmù kò nípọn ju gègé ìkọ̀wé lọ, ìka lásán la fi ń tì í wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí mo fi mọ̀ pé ẹ̀ka éésì ló ń jò rọrùn. Mo yọ họ́ọ̀sì éésì kúrò níbi tó ti yà lára họ́ọ̀sì ńlá tó lọ sí búréèkì, mo fi ìdè kékeré kan dí ojú ibẹ̀, mo tan ọkọ̀, mo sì yí kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹ́ńjìnnì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Inú éésì ni jíjò wà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè ṣe ìyẹn níwájú ilé rẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀ fún mẹkáníìkì.

Ó wá ku rọ́bà. Kùtọnu ni mo ti rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀: oní-mìlímítà 3 àti oní-mìlímítà 4. Inú ihò ni wọ́n fi ń wọn ọ́n, kì í ṣe ẹ̀yìn. 1 500 fránkì sẹ́fà ni mítà kan. Kò sí páálí, kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ lára rẹ̀, torí náà ojú àti ọwọ́ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú iná. Ẹ ní kí olùtajà gé ìwọ̀n èékánná kan fún yín, kí ẹ fi iná ìṣáná sí i. Lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tí mo yà, rọ́bà búlúù kan tó ń dán yọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ń kán sílẹ̀ tótó, èéfín dúdú rẹ̀ sì ta wá nímú. Ike lásán ni. Lọ́dọ̀ ẹnìkejì, iná náà pẹ́ kó tó mú un. Nígbà tó jó tán, eérú funfun ló kù, ó sì dúró ní ìrísí rọ́bà náà títí mo fi fi ìka kàn án kó tó fọ́. Sílíkóònù nìyẹn. Bí olùtajà bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Ẹ tún wo bí ara rẹ̀ ṣe nípọn. Ẹ ká a mọ́ àtàǹpàkò. Bó bá tẹ̀ pẹlẹbẹ níbi tó ti ká, fákúùmù á fà á pa pọ̀ nígbà tí ẹ bá fi sí kọ́nà, kò sì ní sí ohun tó máa kọjá. Èyí tí mo mú ká yípo láìtẹ̀. Mo mẹ́nu kàn án torí mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi họ́ọ̀sì ike tó mọ́ gaara sí, irú èyí tó ń gbé omi lọ fọ gíláàsì, àti èyí tí wọ́n gé rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì mọ́ ibi tó ti ya. Ooru á rọ ti àkọ́kọ́, ti èkejì kò sì dí nǹkan kan rí.

Nínú W123, ike líle oníàwọ̀ ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà fákúùmù. Rọ́bà wà ní oríkèé àti ní kọ́nà nìkan. Iṣẹ́ náà kò wúwo, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sùúrù, pàápàá lẹ́yìn àpótí tí a ń kó ìwé ọkọ̀ sí, níbi tí àwọn ọ̀nà fákúùmù éésì ti pàdé. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ má fa rọ́bà àtijọ́ yọ. Ike tó wà nínú rẹ̀ ti gbẹ, bí ẹ bá fà á, ẹnu ike ló máa kán, ìyẹn sì le láti rí rà ju rọ́bà lọ. Mo fi abẹ la rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gígùn, mo sì ṣí i kúrò. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo kàn fọwọ́ kàn, ó rún sí mi lọ́wọ́, dúdú rẹ̀ kùn mí níka. Ẹ gé ẹnu tuntun kó gún régé. Omi ọṣẹ díẹ̀ ni ẹ fi tì í wọlé, ẹ má fi gírísì tàbí òróró ẹ́ńjìnnì kàn án.

Ọ̀rọ̀ òróró yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù. Sílíkóònù fara da ooru, kì í sì í sán nínú oòrùn, ṣùgbọ́n òróró àti díísù jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ó máa ń mu wọ́n, á wú, á rọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì tú. Àwọn rọ́bà tó sún mọ́ pọ́ǹpù fákúùmù àti èyí tó lọ pa ẹ́ńjìnnì lára pọ́ǹpù díísù máa ń rí òróró, èéfín òróró ni o tàbí ìkán-kán. Mi ò fi sílíkóònù síbẹ̀. Rọ́bà dúdú tí Mercedes ṣe fún ibẹ̀ ni mo rà. Ẹni tó bá rí rọ́bà Viton, tó fara da ooru àti òróró pọ̀, lè lò ó. Òótọ́ ni pé wọ́n wọ́n ju sílíkóònù lọ, ṣùgbọ́n gígùn tí a nílò níbẹ̀ kò tó nǹkan. Inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló ti tọ́ sí sílíkóònù, àti lójú ọ̀nà éésì tó jìnnà sí òróró.

Mo tún ra pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní géèjì, 20 000 sẹ́fà. Ká ní owó yín kò tó fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, pọ́ǹpù yìí ni mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ rà, torí rọ́bà tuntun kò ní sọ ibi tó ń jò fún yín. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà agolo kọ̀ọ̀kan, ẹ fa á dé íǹṣì 15, ìyẹn nǹkan bíi mílíbáà 500 lórí géèjì tó bá ń ka báà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ géèjì gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ pín ọ̀nà náà sí méjì, ẹ dí apá kan, ẹ dán èkejì wò, títí ẹ ó fi ká a mọ́.

Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, agolo kan ṣì ń jò, èyí tó ń yí ìlẹ̀kùn atẹ́gùn ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ géèjì kàn já lulẹ̀ ni. Awọ inú rẹ̀ ló ya, kò sì sí rọ́bà tó lè wo ìyẹn sàn. Mo dí ọ̀nà tirẹ̀ kó má bàa gba fákúùmù lọ́wọ́ àwọn tó kù, mo sì ń wá agolo tuntun. Ní ilẹ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń wá atẹ́gùn gbígbóná fún ẹsẹ̀, kò dí mi lọ́wọ́.

A ti gbé ọkọ̀ náà gba Sakété àti Pobè lọ sí Kétu lọ́sàn-án gangan, ìyá mi jókòó sí iwájú. Ihò àárín ń fẹ́ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí Màámi fi fa ìborùn bo apá wọn pé kí n dín in kù. Nígbà tí a dé, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì kú láìjanpata.

Àléébù rẹ̀ tó kù ni pé sílíkóònù kò fara da ojú irin mímú. Bí ẹnu abẹ tàbí etí irin bá ti ha á díẹ̀, yíya náà á máa gùn sí i. Níbi tó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, mo la họ́ọ̀sì ńlá kan, mo sì fi wọ̀ ọ́ lókè.

Mítà 2 oní-mìlímítà 4 àti mítà 1 oní-mìlímítà 3 tó éésì, ó tún ṣẹ́ kù. Ẹ béèrè fún dúdú. Àwọ̀ ara ike ni Mercedes fi ya ọ̀nà fákúùmù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, rọ́bà pupa tàbí búlúù láàárín wọn á ṣi ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn yín lọ́nà.