Àgbéyẹ̀wò bọ́ọ̀sì ìgboro: àárín ọ̀nà la ti ń mọ èyí tó dáa

Àwa tí a fẹ́ràn bọ́ọ̀sì ìgboro, tí a ń wọ ọ̀nà kan láti ìdí ọkọ̀ dé ìdí ọkọ̀ ká lè sọ bó ṣe rí fún ẹlòmíì, ibi tí kò yẹ la sábà ti ń bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò: ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéra. Kò sí ọ̀nà tí kì í dáa níbẹ̀. Ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, àga ṣófo, awakọ̀ ń wo aago. Ibùdókọ̀ tó wà níbi tí ìrìn ti kọjá ìdajì dáadáa ni mo ti ń fún ọ̀nà ní máàkì, nítorí pé gbogbo ohun tó bá fẹ́ bàjẹ́ á ti bàjẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó débẹ̀.

Àlàfo tó wà láàárín bọ́ọ̀sì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ká ní àtẹ àkókò sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì ń dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó kàn dé láìwo aago yóò dúró fún ìṣẹ́jú 5, tí a bá bù ú dọ́gba. Àmọ́ bí bọ́ọ̀sì bá ń dé ní méjì-méjì, tí àlàfo kan jẹ́ ìṣẹ́jú 18, tí èkejì sì jẹ́ 2, iye bọ́ọ̀sì tó ń kọjá ní wákàtí kan kò dín rárá, síbẹ̀ ìdúró á ga. Nínú èèyàn 10, 9 ló máa bọ́ sínú àlàfo gígùn, wọ́n á sì dúró fún bí ìṣẹ́jú 9. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa rí ọkọ̀ kíákíá. Ẹ ṣírò rẹ̀, tí a bá bù ú dọ́gba fún gbogbo wọn, ìṣẹ́jú 8.2 ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba "bọ́ọ̀sì mẹ́fà ní wákàtí kan" gẹ́gẹ́ bí àpèjúwe ọ̀nà. Ẹ kọ àlàfo tó gùn jù tí ẹ rí sílẹ̀, òun ni ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ nílò.

Kí ló ń fa kí wọ́n máa tò tẹ̀ lé ara wọn? Gordon Newell àti Renfrey Potts, àwọn olùwádìí tó fi ìṣirò wo ìrìn ọkọ̀, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1964, àlàyé náà kò sì tíì yí padà. Bọ́ọ̀sì kan pẹ́ díẹ̀, bóyá nítorí iná ojú pópó kan ṣoṣo. Nítorí pé ó pẹ́, èrò tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ti kó jọ dè é ní ibùdókọ̀ tó kàn. Gbígbé wọn tún mú kó pẹ́ sí i. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èrò díẹ̀ ló bá nílẹ̀, ó sì ń sáré bọ̀ títí tó fi lé e bá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bọ́ọ̀sì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí èyí iwájú kún fọ́fọ́, èyí ẹ̀yìn ni kí ẹ wọ̀, bí kò bá sí ewu pé wọ́n á dá a padà láàárín ọ̀nà. Ẹ má tètè dá awakọ̀ lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìsinmi tí wọ́n fi sí òpin ìrìn ló kéré jù. Ìrìn tó gba wákàtí kan nílò ìsinmi bí ìṣẹ́jú 6 sí 9. Bó bá jẹ́ 2 péré, ìpẹ́ àlọ á di ìpẹ́ àbọ̀, kò sì ní tán títí di alẹ́.

Owó ọkọ̀ gbígbà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń san owó lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà máa ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá 4 tàbí 5, bí kò bá béèrè ṣéńjì. Ẹni tó fi káàdì kan ẹ̀rọ kì í ju 2 tàbí 3 lọ. Tí èrò 20 bá wọlé, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 90 ni ti owó ọwọ́, 50 ni ti káàdì, ní ibùdókọ̀ kan péré. Àwọn ará Curitiba ní Brazil ti rí èyí. Ní 1991 wọ́n gbé ibùdókọ̀ tó rí bí ọ̀pá ńlá oníhò kalẹ̀, níbi tí èrò ti ń sanwó kí bọ́ọ̀sì tó dé, tí ilẹ̀ ibùdókọ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀nà tó bá ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún èrò láti wọlé, mo máa ń fi máàkì kún tirẹ̀.

Ẹ wo bí ibùdókọ̀ ṣe jìnnà síra. Lórí ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 8, bí wọ́n bá wà ní mítà 400 síra, bí 20 ni yóò jẹ́. Ní mítà 200, wọ́n á di 40. Bí dídúró kọ̀ọ̀kan bá jẹ ìṣẹ́jú àáyá 20, láti orí títẹ bíréèkì dé ìgbà tí ọkọ̀ tún gbéra, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 7. Lójú tèmi, 400 dára, àyàfi níbi òkè tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Àkọsílẹ̀ kò nílò ariwo. Ẹ yan ibùdókọ̀ 5 tàbí 6, kì í ṣe gbogbo wọn, nítorí ẹni tó ń kọ gbogbo rẹ̀ kì í rí ojú ọ̀nà mọ́. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ìgbà tí táyà yí, iye èrò tó wọlé àti iye àwọn tó wà lórí ìdúró. Ẹ wọ ọ̀nà náà ní àárọ̀ tí èrò pọ̀, ní ọ̀sán, àti ní alẹ́. Ẹ wọ àbọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé níbi tí ojú pópó bá jẹ́ àlọ nìkan, àbọ̀ lè gba àdúgbò mìíràn pátápátá.

Fóònù ń ran ni lọ́wọ́, àmọ́ ẹ mọ ohun tó ń sọ. Láti 2005, nígbà tí TriMet, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ní Portland ní Amẹ́ríkà, àti Google jọ bẹ̀rẹ̀ GTFS, ìlànà kan fún kíkọ àtẹ àkókò ọkọ̀ sínú fáìlì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ti ń gbé àtẹ àkókò wọn síta bíi fáìlì lásán tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Nínú èyí tó ń jẹ́ stop_times.txt, ẹ ó rí àkókò ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí 25:10:00, ẹ má rò pé àṣìṣe ni: aago kan kọjá ìṣẹ́jú 10 lóru ni, lábẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ìṣòro ńlá ni bọ́ọ̀sì tí fóònù sọ pé ó ń bọ̀ tí kò sì dé. Bí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kò bá fi ibi tó wà ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ áàpù á kàn gbé àkókò inú àtẹ jáde bí ẹni pé òótọ́ ni. Ẹ wá àmì kékeré tó fi hàn pé àkókò náà ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wá. Bí kò bá sí, àtẹ lásán lẹ ń wò.

Nínú ọkọ̀, àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ni kì í gbọ̀n púpọ̀. Ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ń fò, ooru ẹ́ńjìnnì sì wà níbẹ̀. Àga orí táyà máa ń gbé orúnkún sókè jù fún ẹni gíga. Ilẹ̀ ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó wálẹ̀ kò ga ju bí sẹ̀ǹtímítà 32 lọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lè tẹ̀ wá sí bí 25, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn, àtẹ̀gùn tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn àárín. Bí ẹ bá sọ fún arúgbó pé "kò sí àtẹ̀gùn", ẹ sọ ibi tó parí sí. Ẹ wo pákó ìgòkè kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara pẹ̀lú: èyí tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ ṣí kì í bàjẹ́ tó èyí tó ń lo iná, tí ìdọ̀tí lè dí.

Fún bọ́ọ̀sì alẹ́, kí ẹ tó wọ èyí tó ń lọ sí òpin ọ̀nà, ẹ ka àkókò àbọ̀ ìkẹyìn láti ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Bọ́ọ̀sì ìkẹyìn kì í sábà padà pẹ̀lú èrò. Gáréèjì ló ń lọ.