Ìkìlọ̀: Ẹ má ra ẹńjìnnì tòkúnbọ̀ tí wọ́n ti mú gbóná kẹ́ ẹ tó dé

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé Abuja, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wá ẹńjìnnì tòkúnbọ̀ ní Apo, Kugbo tàbí Zuba lásìkò ọyẹ́ yìí: kí ẹni tó ń tà á tó ṣíná sí i, ẹ fọwọ́ kan ara ẹńjìnnì náà. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ ní ẹ̀ ń padà bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni má ṣíná sí i kẹ́ ẹ tó dé.

Ẹńjìnnì tó ti gbó lè sítáátì wẹ́rẹ́ bó bá gbóná. Òtútù òwúrọ̀ ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Àwọn kan mọ èyí dáadáa, torí náà wọ́n á ti jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí oníbàárà tó dé, wọ́n á wá pa á. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ṣíná: "Ọ̀gá mi, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀!" Wọ́n á tún ti da ọ́ìlì 20W-50 tó ki sínú rẹ̀ kí ariwo àti èéfín lè rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi 5W-30 ló wà fún àwọn ẹńjìnnì Toyota tí wọ́n ń pè ní VVT-i tó ń ti Amẹ́ríkà wá.

Camry àbúrò mi ní Kubwa ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ta ẹńjìnnì fún un gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Ó ń pè é ní "ẹ̀gbọ́n mi", ó ní báwo lòun ṣe máa rẹ́ ọmọ ìyá òun jẹ nílùú onílùú. Ẹńjìnnì Toyota tí wọ́n ń pè ní 2AZ ni. Lálẹ́ tí wọ́n gbé e sí i, kò sí wàhálà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ń yí, kò sítáátì. Nígbà tó sì wá sítáátì, ó ń gbọ̀n rìrì, èéfín funfun ń rú. Wọ́n ní ọyẹ́ ni. Wọ́n ní kó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Plọ́ọ̀gì tán, ó kan pọ́ǹpù epo. Pọ́ǹpù tán, ó kan nọ́sù tó ń fín epo sínú ẹńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ wàrántì tó wà nínú rìsíìtì ń lọ. Ẹni tó ta ẹńjìnnì náà ló júwe mẹkáníìkì tó so ó o, ẹ fúnra yín ẹ bu iyọ̀ sí i.

Nígbà tí mẹkáníìkì mìíràn wá wọn compression, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, sílíńdà kan ti lọ sílẹ̀ pátápátá, omi rédíétọ̀ sì ń dín kù láìsí ibi tó ń jò sí. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ̀ẹ̀tì, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹńjìnnì àti ara rẹ̀, ló ń jẹ́ kí omi wọnú sílíńdà lóru. Kí ni oníṣòwò wí? Ó ní wọ́n ti jẹ́ kí ẹlòmíràn tú plọ́ọ̀gì, wàrántì ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ mọ́ gbogbo ẹńjìnnì. Ẹni tó so ó náà lè ti gbàgbé nǹkan, oníṣòwò á sì fi ìyẹn gbá yín lẹ́nu. Tó bá ń yí fàà-fàà bí ẹni tí oorun ń kùn, ẹ yẹ bátìrì wò, kí ẹ sì wo wáyà áàtì tó so ẹńjìnnì mọ́ bọ́dì: wọ́n máa ń gbàgbé ẹ̀ gan-an. Tó bá ń yí kíákíá tí kò sítáátì, tó sì jẹ́ irú ọkọ̀ tí pọ́ǹpù epo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe nígbà mélòó kan kẹ́ ẹ tó ṣíná. Tó bá wá sítáátì, ó lè jẹ́ pé epo ló ń padà sẹ́yìn lóru, ẹ yẹ pọ́ǹpù àti nọ́sù wò.

Èyí tó máa ń da àwọn mẹkáníìkì wa láàmú jù ni sẹ́nsọ̀ tó ń wọn ooru omi. Tó bá ń parọ́ pé ẹńjìnnì ti gbóná, bírénbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹńjìnnì, ò ní fún un ní epo tó yẹ láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo nǹkan á dára. Kẹ́ ẹ tó ṣíná láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ki skánà tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bọ̀ ọ́. Ooru omi àti ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nígbà yẹn. Tí omi bá ń ka 80°C nínú ọyẹ́, sẹ́nsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni. Owó kékeré ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe tiwọn. Tẹ́ ẹ bá ti rí bó ṣe sítáátì ní tútù tán, kó wọn compression: fún 2AZ tó ti wá gbóná, sílíńdà kankan ò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju bíi 140 psi (ìwọ̀n tí géèjì ń kà) lọ, ìyàtọ̀ àárín wọn ò sì gbọdọ̀ ju 15 lọ. Tí ọmọṣẹ́ bá ń da bẹntiróòlù sí ẹnu ihò afẹ́fẹ́ kó tó sítáátì, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹńjìnnì sínú rìsíìtì. Kí wọ́n sì kọ ọ́ pé títú plọ́ọ̀gì kò ba wàrántì jẹ́, kí wàrántì náà sì bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bá sùn síta. Ẹni tó bá ní òun ò lè kọ ìyẹn, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.