Cboard lórí fóònù Bàbá mi ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin

Ẹ̀gbà tó kọ lu Bàbá mi gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn pẹ̀lú. Apá òsì ọpọlọ ló sábà máa ń darí méjèèjì. Wọ́n ń gbọ́ wa dáadáa, wọ́n mọ èsì, kò kàn jáde ni.

Ìdí nìyí tí a fi gbé Cboard sórí fóònù wọn: áàpù tó ń bá ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ sọ ọ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni. UNICEF wà lára àwọn tó fowó tì í lẹ́yìn. Fóònù Android olówó pọ́ọ́kú gbé e, kì í sì í jẹ mégà (dátà) wa tó bá ti wọlé tán. Proloquo2Go, áàpù irú rẹ̀ tí gbogbo ayé ń yìn, ẹ̀rọ Apple nìkan ló wà fún, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bí 250 dọ́là. Ta ló ní in ní Kétu níbí?

Àwòrán ló kún inú Cboard: oúnjẹ, omi, ara ríro. Ẹ tẹ̀ ẹ́, fóònù á sọ ọ́. Fóònù wa kò ní ohùn Yorùbá, a bá yan Faransé. Màmá gbọ́ ọ láti inú yàrá: "Òyìnbó wo ló wà nínú ilé mi?"

Ṣùgbọ́n ẹ lè fi fọ́tò tiyín sí i, kí ẹ sì gba ohùn yín sórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wù mí. Àbúrò Bàbá, tí ohùn wọn jọra, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú àbọ̀." "A dúpẹ́." "Ará ilé ńkọ́?" "Ọlọ́run á ṣe é." Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò dun Bàbá, Màmá ti mọ ojú wọn. Kí àlejò kí wọn, kí wọ́n máa wò ó láìdáhùn, ìyẹn ló ń dùn wọ́n. Ìkíni la wá fi ṣíwájú, a sì sọ bọ́tìnì di díẹ̀ kó lè tóbi. Ti àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọdé o. Ta ni yóò máa kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní "ẹ kú àbọ̀"? Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí àgbà tó tíì bínú sí i.

Fóònù wa kò lè borí ariwo zẹ̀mí (ọ̀kadà) létí títì, àwòrán rẹ̀ kì í sì í hàn nínú oòrùn. Àwàdà ló le jù: kí Bàbá tó rí bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ ti kọjá, bẹ́ẹ̀ aláwàdà ni wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn, ẹ lé adìẹ jìnnà. Àkùkọ wà nínú "A dúpẹ́" tiwa, Bàbá kò sì jẹ́ ká pa á rẹ́.