Ṣọ́ọ̀bù ìwé ìbúra tí mo lọ ní Takie

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó ni mo tó kó fáìlì mi sínú báàgì, tí mo gun ọ̀kadà lọ sí Takie, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ orúkọ bàbá mi sí ti ọkọ. Ọkọ mi kò dà mí láàmú. Ó ní orúkọ tó bá wù mí ni kí n jẹ́. Ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí wọn báyìí, "Ìyàwó, orúkọ wa dà?"

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀, nítorí iṣẹ́ wọn ní àbùkù kan tí n óò sọ. Kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́yìn ògiri. Bí ẹ bá bá èèyàn mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ìdúró ni tiyín. Bàbá tó ni ín ti ń tẹ̀wé kí kọ̀ǹpútà tó dé. Taipuráítà rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lórí pẹpẹ, ó fi àjákù àǹkárá bò ó.

Níbi méjì tí mo ti kọ́kọ́ béèrè, iye owó ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Bàbá yìí ní kí n kó gbogbo ìwé mi jáde ná. Ó ń fi itọ́ pa ìka, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni ń to ẹja sórí àtẹ: WAEC, láìsẹ́nsì nọ́ọ̀sì, NIN, ìwé báńkì.

"Orúkọ bàbá rẹ ló wà lórí gbogbo èyí. Ṣé o mọ̀ pé kò sí òfin tó ní dandan ni kí o pààrọ̀ rẹ̀? Ìwé ìgbéyàwó kì í dédé yí orúkọ ẹnikẹ́ni."

Bí mo bá sì fẹ́ ẹ, ó ní ìbúra ní kọ́ọ̀tù ló ṣáájú, ìkéde nínú ìwé ìròyìn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà NIN, kí n tó gba báńkì lọ nítorí BVN. Sátífíkéètì WAEC ní tirẹ̀, orúkọ tí mo fi jókòó ìdánwò ni yóò wà lórí rẹ̀. Ìwé ìbúra àti ìwé ìròyìn ni n óò máa so mọ́ ọn kiri títí n óò fi fẹ̀yìn tì. Mo ní ṣé obìnrin nìkan ni wàhálà yìí wà fún ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Fẹlá ńkọ́? Wọ́n bí i mọ́ Ransome, ó yọ ọ́, ó fi Aníkúlápó sí i. Ta ló gbé òun níyàwó?"

Ìyá bàbá mi ni mo rántí lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Nínú káàdì ìdìbò wọn, orúkọ tí ọkọ wọn ń jẹ́ gan-an ni wọ́n kọ sí àyè orúkọ ìdílé, ẹni tó fi orúkọ wọn sílẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, ìdílé bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni àwọn onírárà ń kì, lójú agbo ilé ọkọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú.

Mo wá ní kí bàbá so méjèèjì pọ̀: ti bàbá mi ṣáájú, ti ọkọ mi tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni àbùkù ti wọ̀ ọ́. Orúkọ ọkọ mi ní ṣ nínú, s lásán ni ìdílé wọn sì máa ń kọ. Ìwé ìbúra jáde dáadáa. Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, ọmọ iṣẹ́ bàbá ti ki h bọ̀ ọ́. Ìwé méjì, orúkọ méjì! Níbi tí mo ti fẹ́ tún NIN ṣe, wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe wá. Bàbá kò bá mi jiyàn, àpò ara rẹ̀ ló ti san owó ìkéde kejì, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló tún gbà. Kí n má parọ́, wọ́n fún mi ní ẹ̀dà kan kà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Orúkọ tèmi nìkan ni mo kà, mi ò wo ti ọkọ mi, mo ní ó dáa.

₦2,500 ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n já rìsíìtì. Owó kọ́ọ̀tù àti ti ìwé ìròyìn wà lọ́tọ̀. Mo ti rán ọ̀rẹ́ mi kan lọ síbẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò níwájú kọ̀ǹpútà.

Mo gé ìkéde náà fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n gbé e sún mọ́ iná, wọ́n fi èékánná fa ìlà sábẹ́ orúkọ.

"Ti bàbá rẹ ló ṣáájú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n ká a, wọ́n fi í sínú Bíbélì. Wọn ò béèrè orúkọ mọ́. Ọmọ ni wọ́n ń béèrè báyìí.