Oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti ń fi UpdraftPlus ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fún ìkànnì oríkì mi

Ìkànnì tí mo ń bójú tó kò tóbi. Oríkì tí ó tó 400 ni ó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ohùn àwọn ìyá àgbà tí mo gbà sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ní Ìkirè àti ní Òkèihò, gbogbo rẹ̀ kò sì ju gígábáìtì méjì àti ààbọ̀ lọ. WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì, ni mo fi ṣe é, orí shared hosting olówó pọ́ọ́kú (sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò) ni ó sì ń gbé, èyí tí ó dà bí ilé alájọgbé tí ogún ayálégbé ti ń pín kànga kan ṣoṣo lò. Méjì nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn ti papòdà, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè padà lọ gba ohùn wọn bí fáìlì bá sọnù.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ń sanwó fún nígbà náà kọ ọ́ sójú ìpolówó wọn pé àwọn ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ lójoojúmọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i pé plugin kan (ètò kékeré tí a ń fi kún WordPress) tí mo ṣe àtúnṣe sí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ti pa ọ̀pọ̀ oríkì rẹ́ nínú dátábéèsì, ibi tí WordPress ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí. Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni àwọn ń tọ́jú, àti pé lálaalẹ́ ni tuntun ń gorí ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé èyí tí wọ́n ní lọ́wọ́ ti gbé ìbàjẹ́ náà mọ́ra. Wọ́n tún tọ́ka mi sí àdéhùn tí mo ti fọwọ́ sí láìkà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé oníbàárà ni ó ni ojúṣe ìpamọ́ ohun tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún àwọn oríkì náà tẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, èmi ni mo sì fi í síbẹ̀.

Irinṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ sún mọ́ mi ni ti cPanel, ojúewé tí oníbàárà ti ń ṣàkóso àkáǹtì rẹ̀ lórí sáfà. Bí ẹ bá wọ ibi tí wọ́n kọ Backup sí, ó lè di gbogbo àkáǹtì yín, ti fáìlì, ti dátábéèsì àti ti ímeèlì, sínú fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí tar.gz. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni àkáǹtì kò lè fúnra rẹ̀ dá ẹ̀dà kíkún bẹ́ẹ̀ padà láti inú cPanel, àfi kí ó bẹ ilé-iṣẹ́ tí ó ni sáfà. Bí ẹ kò bá sì yan ibòmíràn fún un, inú àkáǹtì náà gan-an ni yóò gbé fáìlì náà sí, níbi tí yóò ti máa jẹ ààyè tí ẹ sanwó fún, tí yóò sì bá ìkànnì lọ bí sáfà bá lọ. Ẹni tí ó bá rò pé sáfà kì í lọ, kí ó rántí ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, nígbà tí iná jó ilé sáfà OVHcloud ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, tí àwọn oníbàárà kan pàdánù ìkànnì àti ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀. Mo gbìyànjú láti máa gba fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílé ní Ìbàdàn. Iná lọ nígbà tí ó ku díẹ̀ kó parí, dátà gígábáìtì méjì sì wọgbó.

Ibi tí UpdraftPlus ti gba ìyìn mi nìyí. Plugin ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń pín ẹ̀dà sí apá márùn-ún: dátábéèsì, plugin, theme (ìrísí ìkànnì), àwòrán àti ohùn tí a gbé sórí ìkànnì, àti ìyókù inú wp-content, àpò tí WordPress ń kó àwọn fáìlì wọ̀nyí sí. Mo so ó mọ́ Google Drive mi, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà náà sì ni sáfà ti ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí Drive tààrà. Kò gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, kò jẹ dátà mi, kò sì bìkítà bóyá iná wà ní àdúgbò tàbí kò sí. Fún ẹni tí ó ń gbé Nàìjíríà, èyí nìkan tó láti torí rẹ̀ yàn án. Dátábéèsì ń lọ lójoojúmọ́, mo ní kí ó tọ́jú mẹ́rìnlá. Àwọn fáìlì ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ní kí ó tọ́jú mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ wọ inú 15 GB tí Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, bí Gmail yín kò bá tíì jẹ ẹ́ tán.

Shared hosting kì í jẹ́ kí iṣẹ́ PHP (èdè kọ̀ǹpútà tí WordPress fi ń ṣiṣẹ́) kan pẹ́ jù, kí ó má baà ni àwọn alájọgbé lára, nítorí náà iṣẹ́ ńlá bí irú èyí sábà máa ń já lójú ọ̀nà. UpdraftPlus mọ̀ bẹ́ẹ̀: bí sáfà bá já a, yóò sinmi díẹ̀, yóò sì tẹ̀síwájú láti ibi tí ó dé. Èyí tí ó yọ mí lẹ́nu ni àkókò. Aago inú WordPress kì í ṣe aago tòótọ́. Ìgbà tí àlejò bá ṣí ìkànnì ni ó ń jí wò bóyá iṣẹ́ wà. Ìkànnì tèmi kì í rí àlejò lóru, ẹ̀dà tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru sì lè di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi DISABLE_WP_CRON sínú wp-config.php, fáìlì ètò WordPress, láti pa aago yẹn, mo sì ní kí Cron Jobs inú cPanel, tí ó ní aago tòótọ́, máa pe wp-cron.php ní ọgbọọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò pẹ́ mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án tí mo ti ń lò ó ni mo tó mọ iye tí ó tó, nígbà tí mo kó kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn lọ sí òmíràn. Ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí ohun tí ojú mi ti rí tẹ́lẹ̀: mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé dátábéèsì jáde láti phpMyAdmin, irinṣẹ́ tí a fi ń wo inú dátábéèsì, rí, nígbà tí mo sì dá a padà, gbogbo ẹ ti di áº¹, oríkì sì di èdè iwin. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́tà ẹ gba báìtì mẹ́ta nínú UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè; bí dátábéèsì bá kà á bí latin1, ìlànà àtijọ́ tí MySQL (ètò dátábéèsì tí WordPress ń lò) ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn kí ẹ̀yà 8.0 rẹ̀ tó dé, báìtì mẹ́ta yẹn yóò di lẹ́tà àjèjì mẹ́ta. Ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè má kíyè sí i láéláé.

Lórí sáfà tuntun, mo fi WordPress òfìfo sí abẹ́ orúkọ ìkànnì kan náà, mo so UpdraftPlus mọ́ Drive, mo sì tẹ Rescan remote storage. Gbogbo ẹ̀dà hàn pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Mo mú ti àná, mo tẹ Restore, mo sì lọ jẹun. Bí ogójì ìṣẹ́jú ni ó gbà. Oríkì Oníkòyí ni mo kọ́kọ́ ṣí, mo sì yẹ gbogbo ẹ, ọ àti ṣ tí ó wà níbẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pé. Fáìlì ohùn jẹ́ 212 tẹ́lẹ̀, 212 náà ni mo bá.

Ó ní àbùkù tirẹ̀. Ẹ̀yà ọ̀fẹ́ kì í mú wp-config.php àti fáìlì ìpìlẹ̀ WordPress, kì í sì fọwọ́ kan ímeèlì inú àkáǹtì. Ti ímeèlì, cPanel ni mo ṣì ń lò. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n rí àléébù ààbò kan nínú UpdraftPlus tí ó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì gba ẹ̀dà ìpamọ́ lọ, ẹ̀yà 1.22.3 ni wọ́n fi dí i. Nítorí ìyẹn, mo máa ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá jáde. Àṣẹ tí ó fi ń wọ Drive náà sì wà nínú ìkànnì, ẹni tí ó bá jí ìkànnì gbà lè fi pa ẹ̀dà rẹ́, ìdí nìyí tí mo fi ń da ẹ̀dà kan kọ sórí háàdì dísìkì lóṣooṣù níbi iṣẹ́, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá.

Mo ti ń wo ẹ̀yà olówó, nítorí òun ni ó ń mú kìkì ohun tí ó yí padà, nígbà tí tèmi ń di gbogbo gígábáìtì méjì pọ̀ bí mo bá fi ohùn kan ṣoṣo kún un. Owó òkèèrè ni wọ́n ń gbà, ọdọọdún ni a sì ń san án, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni mo ṣì ń lò. Bí ohùn bá di ìlọ́po méjì, 15 GB kò ní gba ẹ̀dà mẹ́rin mọ́; ìgbà náà ni n ó tún ìṣirò ṣe.